PÁÁLẸ́Ẹ̀TÌ KÌ Í ṢE ÀKÀBÀ

Mo fẹ́ fèsì sí ìwé kan tí àwọn ọ̀gá wa lẹ̀ mọ́ pátákó ẹnu géètì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo wa la kà á. Ìwé náà sọ pé òṣìṣẹ́ kan já láti òkè níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tuntun. Pé àìbìkítà òun fúnra rẹ̀ ló fà á. Pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí kò bá dé akoto kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n fọwọ́ sí i.

N kò bá akoto jà. Kí kálukú dé akoto tirẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Orí kí ni arákùnrin náà dúró lé tí ó fi já? Ìwé wọn kò sọ ọ́. Nígbà tí wọn kò ti sọ ọ́, èmi aṣojú òṣìṣẹ́ yóò sọ ọ́.

Wẹ́dà ni. Kaṣúà ni, lábẹ́ kọngílá tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìkọ́lé náà fún. Irin òrùlé kan ṣẹ́kù tí wọn kò tíì jó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tú pẹpẹ igi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró lé kúrò, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ẹni tí ó ni igi náà ń gba owó rẹ̀. Fọ́máànì ní kí wọ́n ti páálẹ́ẹ̀tì bọ irin méjì tí ó wà níwájú telehandler, kí wẹ́dà gun páálẹ́ẹ̀tì náà, kí awakọ̀ ẹ̀rọ sì nà án sókè. Ó ní: “Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.” Wọ́n gbé e lọ sókè. Bí ó ti fẹ́ yí ara padà láti mú irinṣẹ́ rẹ̀, pákó kan ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí ló yọ ọ́, orí òkìtì yanrìn ló já lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán, egungun ìhà rẹ̀ méjì sì kán. Títí di òní ó wà nílé, ẹ̀kọ tí ìyàwó rẹ̀ ń tà ni wọ́n fi ń jẹun.

Ta ni kò bìkítà níbẹ̀? Ṣé ẹni tí wọ́n ní kí ó gun pákó tí a fi ń kó páálí ọjà ni, àbí ẹni tí ó ní kí wọ́n fi gbé e?

Àwọn kan nínú wa tí wọn kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́lékọ́lé lè má mọ ẹ̀rọ tí mò ń wí. Telehandler jọ fọ́kílíìfù, ó tún jọ kréènì. Ọwọ́ irin kan ṣoṣo ni ó ní, tí ó ń yọ jáde láti inú ara rẹ̀ bí eriali rédíò àtijọ́. JCB ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Loadall jáde ní 1977. Àwọn ará Faransé ń ṣe Manitou, àwọn ará Ítálì ń ṣe Merlo. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ojú mi ti rí ní Ìkẹjà, ní Ọ̀tà àti lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tòkunbọ̀ ni.

Ohun tí ó mú kí àwọn kọngílá fẹ́ràn rẹ̀ ni pé orí rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Fi irin méjì sí i, ó di fọ́kílíìfù. Yọ ìyẹn, fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, ó ń kó yanrìn. Fi irin gígùn tí ó ní ìkọ́ sí i, ó di kréènì. Fi àgò irin tí wọ́n ṣe fún ènìyàn sí i, ó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sókè. Àwọn orí wọ̀nyí ni mò ń pè ní àsomọ́. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń re imú. Bákan náà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àsomọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ kí ó yé gbogbo wa ni pé nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ àsomọ́, ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n fún awakọ̀ wà. Ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé ti yí padà, bí yóò ṣe dúró ti yí padà, bí ó ṣe lè pa ènìyàn pàápàá ti yí padà. Èyí ni àwọn ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́, nítorí pé ẹ̀rọ kan ni wọ́n san owó rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ mẹ́rin.

Ẹni tí ó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kí ó lọ pọn omi kún garawa. Kí ó gbé e mọ́ àyà, ara yóò gbà á. Kí ó wá na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ síwájú pẹ̀lú garawa kan náà. Omi kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n apá yóò máa gbọ̀n, ìgìgísẹ̀ yóò sì fẹ́ kúrò nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni telehandler rí. Táyà iwájú ni ó fi ń dúró, ìwúwo ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó fi ń dá ara dúró. Bí ọwọ́ ti ń jìnnà sí táyà iwájú ni ẹrù ń wúwo sí i lójú ẹ̀rọ, títí táyà ẹ̀yìn yóò fi gbéra nílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń gbé tọ́ọ̀nù 4 nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ká mọ́ra lè má lè gbé tọ́ọ̀nù 1 nígbà tí ó bá nà án síwájú tán. Nítorí náà, nígbà tí fọ́máànì bá ń pariwo pé “tọ́ọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n kọ sí i lára,” ẹ bi í pé níbo ni ọwọ́ wà nígbà tí ó jẹ́ mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ fi ya àwòrán ìwọ̀n ẹrù sí iwájú awakọ̀. Àwòrán náà ń sọ pé bí ọwọ́ bá gùn tó báyìí, tí ó sì ga tó báyìí, kílò báyìí ni kí o gbé. Àsomọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwòrán tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi sìmẹ́ńtì ṣe ìṣirò. Ká ní àwòrán ti irin méjì sọ pé kílò 800 ni ẹ̀rọ lè gbé níbi tí a na ọwọ́ dé. Àpò sìmẹ́ńtì 16 nìyẹn, nítorí kílò 50 ni àpò kan. Fọ́máànì wá ní kí wọ́n yọ irin méjì, kí wọ́n fi irin oníkọ́ sí i. Irin oníkọ́ yọ síwájú ju irin méjì lọ, nítorí náà ẹrù ti jìnnà sí táyà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irin oníkọ́ náà ní ìwúwo tirẹ̀. Ṣéènì tí wọ́n fi di ẹrù ní ìwúwo tirẹ̀. Gbogbo èyí ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ gbé kí ó tó kan ẹrù. Ó lè ku àpò 10, ó lè ku 8. Èmi kò mọ̀, fọ́máànì kò mọ̀, àfi ẹni tí àwòrán irin oníkọ́ yẹn gan-an bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo ni àwòrán ti ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tiwa wà? Mo béèrè lọ́wọ́ kọngílá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó kù sí ìlú òyìnbó.

Ẹrù tí ó so rọ̀ lórí ìkọ́ tún ní ìwà tirẹ̀ tí ẹrù orí irin méjì kò ní. Ó ń fì. Bí awakọ̀ bá yára ṣẹ́ kọ̀nà, ẹrù náà yóò fa ọwọ́ ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ilẹ̀ bá sì dagun, tàbí tí atẹ́gùn inú táyà kan bá ti dínkù, ẹ̀rọ yóò dojú dé sí ẹ̀gbẹ́ náà. Lákòókò òjò yìí, tí àgbàlá ìkọ́lé ti di ẹrẹ̀, kò yẹ kí ẹrù ìkọ́ rìn nílẹ̀ yẹn rárá, àfi tí ó bá wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, tí ẹnì kan fi okùn gígùn dì í mú láti òkèèrè, tí awakọ̀ sì ń rìn bí ẹni tí ń gbé ẹyin.

Èyí tí ó burú jù ni àsomọ́ tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn ní ẹ̀yìn wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Wọ́n á fi iná jó ìkọ́ mọ́ ìdí irin méjì, tàbí kí wọ́n kàn sọ ṣéènì kọ́ irin kan lọ́rùn. Irin yẹn kì í ṣe irin lásán. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, iná ni wọ́n fi sọ ọ́ di líle. Nígbà tí o bá tún fi iná wẹ́dà kàn án, o ti ba líle rẹ̀ jẹ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ dán lójú. Ṣéènì tí ó kàn so kọ́ ọrùn irin náà yóò sì yọ̀ jáde nígbà tí irin bá dorí kọ ilẹ̀. Ẹ̀yin wẹ́dà tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jó irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ní yúníọ̀nù ni ó ní kí ẹ má ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀yin awakọ̀ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí pé orúkọ yín ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Píìnì ni ó di àsomọ́ mú. Ẹ má jókòó sínú ẹ̀rọ kí ẹ sọ pé ẹ gbọ́ tí ó dún “ká”. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ojú ara yín rí i pé píìnì wọlé tán, pé ohun tí ó ń dì í wà níbẹ̀, kì í ṣe ìṣó tàbí wáyà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àsomọ́ náà kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Bí àsomọ́ bá ń lo ọ́ìlì, ẹ tú agbára ọ́ìlì náà sílẹ̀ kí ẹ tó yọ họ́ọ̀sì. Ẹ má sì fi ọwọ́ wá ibi tí họ́ọ̀sì ti ń jò. Ọ́ìlì tí agbára rẹ̀ ṣì wà nínú họ́ọ̀sì lè wọ awọ ara bí abẹ́rẹ́; ojú ihò náà á kéré, kò ní ṣe bí ẹni pé ó tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ó ní ohun tí ń ké, tí ó sì ń dá ọwọ́ dúró nígbà tí ẹrù bá ti fẹ́ ju agbára ẹ̀rọ lọ. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti já wáyà rẹ̀ torí pé “ó ń yọ àwọn lẹ́nu.” Factories Act ti 1987 sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ààbò jẹ́. Ẹni tí ó ní kí o já a yóò sọ nílé ẹjọ́ pé òun kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni wọn yóò bá pílíásì.

Ó ku ọ̀rọ̀ gbígbé ènìyàn, èyí tí ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àgò irin wà tí wọ́n ṣe fún un. Èyí tí ó dára jù nínú wọn, ẹni tí ó wà nínú àgò ni ó ń darí ọwọ́ ẹ̀rọ. Ó ní ibi tí a ń so bẹ́líìtì ààbò mọ́, ó ní ọgbà irin yí ká, ẹ̀rọ sì mọ̀ pé ènìyàn ni òun gbé, kò ní jẹ́ kí ọwọ́ nà kọjá ibi tí ó yẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wọ̀nyí ti wá, òfin tí wọ́n ń pè ní LOLER, ti 1998, sọ pé ohunkóhun tí ó bá ń gbé ènìyàn, ẹni tí ó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, àfi tí ètò mìíràn bá wà ní kíkọ. Àgò tí kò sí ohun ìdarí nínú rẹ̀ pàápàá, àwọn aláṣẹ ààbò wọn ní iṣẹ́ pàjáwìrì tí kò ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nìkan ni kí wọ́n fi ṣe. Páálẹ́ẹ̀tì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹ̀rọ kan náà ni, ìwúwo kan náà ni, ilẹ̀ sì ni ilẹ̀. Ṣé egungun òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rọ̀ ju tiwa lọ ni?

Wọn yóò ní pẹpẹ igi wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò ohun tí ẹsẹ̀ kan àti egungun ìhà méjì jẹ́ lówó, kí ẹ sì wo ẹni tí ó ń san án. Wọn yóò ní awakọ̀ náà ti ń wa fọ́kílíìfù láti ọdún mẹ́wàá. Fọ́kílíìfù inú ilé ìkẹ́rùsí, lórí kọnkéré tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ! Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ èrò wà kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ gun tírélà.

Sí àwa náà tí a ń gùn ún, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Àwọn kan ń gba owó páálí sìgá méjì lọ́wọ́ fọ́máànì kí wọ́n tó gòkè, àwọn kan kàn fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní akọni. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà àti ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹ ń gbé sìmẹ́ńtì àti irin wá fún wọn, ọ̀rọ̀ kàn yín pẹ̀lú: ẹ má dúró lórí pẹpẹ tírélà nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù, ẹ má sì bọ́ sábẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ láti júwe fún un. Ẹ dúró síbi tí awakọ̀ ti lè rí ojú yín. Tí ẹ kò bá rí ojú tirẹ̀, òun náà kò rí yín.

Ní ti òfin, Factories Act ti 1987 sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò sọ̀rọ̀ kíkún nípa ibi ìkọ́lé, abẹ́ ihò yẹn sì ni àwọn kọngílá ń sá sí. Síbẹ̀ òfin náà sọ pé ṣéènì, okùn àti ohun èlò tí a fi ń gbé ẹrù gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ṣéènì tí ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí tiwa gan-an tí kọngílá ń yá lò, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ jáde ká rí i.

Ibi tí wọn kò ti rí ihò sá sí ni Employees' Compensation Act ti 2010. Òfin yìí mọ kaṣúà. Ó ka ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á láìsí ìwé. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san owó náà fún NSITF, ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ nínú owó tiwa. Òṣìṣẹ́ tí ó farapa gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ gbọ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ̀ka wa bá wẹ́dà yìí kọ ìwé tirẹ̀, a sì fà á lé kọngílá lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹfà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí, kọngílá kò tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí NSITF. Ohun tí ó fi ránṣẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, tí ó gbé owó díẹ̀ nínú àpòòwé dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, pẹ̀lú ìwé kan pé kí ó fọwọ́ sí i pé òun kò ní béèrè nǹkan mìíràn mọ́. Inú mi dùn pé ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fọwọ́ sí i. Bí ó bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, òfin 2010 náà ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn kan ń bi mí pé bí àwọn bá kọ̀ láti gòkè, ṣé wọn kò ní lé àwọn. Wọ́n lè gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ILO, nọ́ńbà 155 ti 1981, ní ọdún 1994. Àdéhùn náà sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá kúrò nídìí iṣẹ́ nítorí ó rí ìdí pàtàkì láti gbàgbọ́ pé ewu ńlá wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹ́. Ìwé ni, mo mọ̀. Ìwé nìkan kì í dá ọwọ́ ọ̀gá dúró. Ìdí tí a fi ní yúníọ̀nù nìyẹn. Kí ẹni kan má dá kọ̀ ọ́. Ẹ ké sí aṣojú yín kí ó wá dúró níbẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ó wà ní àgbègbè náà sì sọ irinṣẹ́ kalẹ̀ títí a ó fi yanjú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti kọ ohun tí a fẹ́ ránṣẹ́ sí mánẹ́jà. A fẹ́ kí wọ́n yọ ìwé àìbìkítà yẹn kúrò lára pátákó. A fẹ́ kí kọngílá fi ọ̀rọ̀ wẹ́dà náà tó NSITF létí ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ilé iṣẹ́ wa má sì san ìyókù owó rẹ̀ títí yóò fi ṣe é. A fẹ́ kí àsomọ́ kankan má wọ géètì láìsí àwòrán ìwọ̀n ẹrù tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò, kí wọ́n sì fi han aṣojú òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó lò ó. Ní ti páálẹ́ẹ̀tì, a kò bá wọn dúnàádúrà lórí rẹ̀: ènìyàn kò ní gùn ún mọ́ nínú ọgbà yìí.

Ẹnikẹ́ni nínú yín, kaṣúà tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, tí ó bá ti farapa lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọdún kan sí ìsinsìnyí tí wọn kò sì gbé fọ́ọ̀mù fún, kí ó tètè wá, nítorí ọdún kan ni òfin fún ẹni tí ó fẹ́ béèrè owó náà. Ẹ bá mi ní kántíìnì ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹ mú ìwé ọsibítù dání, kí ẹ sì mú ẹnì kan tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ̀wé kò ní láti tijú, akọ̀wé ẹ̀ka yóò bá a kọ ọ́.